Ọgbà Tó Kọ̀ Tí Kò Mu Omi

Inú ọgbà náà gbẹ. Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin èmi àti ìyàwó mi láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, torí èmi ní a ti rí i pé ó gbẹ, ká máa lọ sílé. Òun ní ká sọ̀kalẹ̀ lọ fọwọ́ kàn án. Òjò ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ti wó ògiri, ó ti gbé mọ́tò kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, ó sì ti pa ènìyàn kan ní òpópónà ìsàlẹ̀. Lókè òpópónà yẹn gan-an ni ọgbà tí wọ́n dìídì gbẹ́ jìn wà, kó lè gba irú omi bẹ́ẹ̀ sára. Ilẹ̀ rẹ̀ kàn tutù díẹ̀ ni, bí ilẹ̀ tí wọ́n wọ́n omi sí kí wọ́n tó gbá a.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ìyàwó mi wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka wa iyẹ̀pẹ̀.

"Mo rí i. Ebi náà ti rí èmi."

Ó ń wa á lọ. Ìyàwó mi ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Èmi ni mo ń wa mọ́tò. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mo fẹ̀yìn tì, mo rò pé mo máa sinmi. Òun náà fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́pàá kò fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní tẹ́ṣàn, torí ó tín-ín-rín, kò sì síbi tí kì í gbà wọlé. Ó máa ń fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ bí aya rere, "ẹ jọ̀ọ́" lọ́tùn-ún, "ẹ má bínú" lósì, àmọ́ àṣẹ ló ń pa.

Bàbá tó pè wá wá síbẹ̀ kò bá wa sọ̀kalẹ̀. Ó dúró lókè lẹ́bàá títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú. Bíríkìlà ni, ó ti dàgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n sí Bàbá Bíríkìlà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ló ya àwòrán ọgbà yìí, òun làwọn ènìyàn ń pè ní Ẹnjiníà, òun ni ọlọ́pàá sì wá mú lálẹ́ àná. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ló darí omi sórí àwọn ará ìsàlẹ̀, tó fi pa alágbàfọ̀ kan tó padà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti kó aṣọ oníbàárà. Omi ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn nínú. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n á gbé Ẹnjiníà lọ sí kóòtù, ọ́fíìsì ìlú á sì kó iyanrìn dí ọgbà náà pa.

"Bàbá," ni Abẹ́rẹ́ bi í nígbà tá a gòkè padà, "báwo ló ṣe yẹ kí omi máa wọ inú ọgbà yìí?"

"Ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí. "Nǹkan ńlá ni. Ẹ bi í, á ṣàlàyé." Ó gbójú sókè. "Ẹ ṣáà bá mi wá ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, ẹ má wo ojú ẹ̀. Ọmọ mi kì í ṣe apààyàn."

Mo ti ń wo agogo tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn bàbá náà mú kí n sọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin tèmi náà.

*

Ọ̀gá tẹ́ṣàn náà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìyàwó mi rí. Kíá-Kíá ni ìnagijẹ rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá délẹ̀ láàárọ̀, ó fẹ́ kó ti parí kó tó di ọ̀sán. Ó dìde nígbà tí a wọlé.

"Mà, ẹ káàárọ̀. Ẹ má dààmú ara yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti yanjú."

"Ó ti yanjú báwo?"

"Ẹnjiníà ní òun ṣe ihò sí etí títì kí omi lè gbabẹ̀ wọ ọgbà. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo rìn yí i ká. Kọnkéré ni etí títì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ihò tí eku lè gbà. Ó gbàgbé láti fi ihò sí i, mà, ó wá ń parọ́."

"Jẹ́ kí n rí i."

Wọ́n mú Ẹnjiníà wá. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, àpá kékeré kan wà níwájú orí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wú. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá wọ́n ti sìnkú alágbàfọ̀.

"Ṣàlàyé ọgbà yẹn fún mi," ni Abẹ́rẹ́ wí, "bí ẹni pé mi ò lọ ilé ìwé rí."

Ó fa àga mọ́ tábìlì. "Mà, ọ̀nà tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ìlú ni òpópónà ìsàlẹ̀ yẹn. A kọ́lé sí i, a da ọ̀dà sí i, omi ò sì gbàgbé ọ̀nà. Bí a bá gbẹ́ gọ́tà tó tóbi, ṣe la kàn ń ti omi lọ bá ẹlòmíì kíákíá. Mo ní ká fún un níbi tó máa jókòó sí. Mo gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù náà kó jìn ju títì lọ. Bí kò bá sí òjò, kí àwọn ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù. Bí òjò bá dé, kí omi gba àwọn ẹnu tó wà létí títì wọlé, kó kọjá láàrin koríko àti òkúta tó máa dín eré rẹ̀ kù, kó kún pápá, kí ilẹ̀ wá máa mu ún díẹ̀díẹ̀."

"Àwọn ẹnu yẹn dà?"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Ojú mi ló rí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà náà. Ọjọ́ kejì ni mo rìnrìn àjò lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, mi ò sì padà débẹ̀ títí wọ́n fi wá mú mi." Ó wo Kíá-Kíá. "Ó ní mo ń parọ́."

"Ta ló bínú sí ọgbà náà?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Alátakò," ló wí.

*

Bí ẹ bá bi mí nígbà náà, mo ti gbà pé Alátakò ni. Ọkùnrin tó ń ta fóòmù ibùsùn ni, ó ní ilé pẹtẹ́ẹ̀sì lẹ́bàá ọgbà, kò sì sí ohun tí wọ́n dá lábàá láàdúgbò tí kò ta kò. Ilẹ̀ ọgbà yẹn ló fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Níwájú gbogbo ènìyàn ló ti sọ nípàdé pé, "Kòtò yìí á pa ènìyàn." Wọ́n wá rántí ọ̀rọ̀ náà báyìí, wọ́n sì ń tún un sọ kiri. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

A bá a níwájú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Ó jókòó láàrin fóòmù tó ti mu omi yó, gbogbo wọn sì ń sun omi sílẹ̀.

"Mo mọ ìdí tí ẹ fi wá," ló wí. "Ẹ ní mo sọ pé kòtò á pa ènìyàn. Mo sọ ọ́. Mo tún sọ pé iná mànàmáná á pa ènìyàn, mo sọ pé ilé ìwé tuntun á wó. Ṣé ó wó?"

"Kò wó," ni mo wí, torí mo ti ṣe olùkọ́ níbẹ̀ rí.

"Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìyàwó mi pàápàá kì í dá mi lóhùn mọ́."

Abẹ́rẹ́ fi ìka tẹ fóòmù kan, omi sun jáde. "Òpópónà wo nìyí?"

"Òpópónà ìsàlẹ̀ ni. Kí ló tún fẹ́ jẹ́?"

"Gbogbo ọjà yín wà níbí nígbà tí òjò dé?"

"Gbogbo ẹ̀." Ohùn rẹ̀ fọ́. "Àbúrò, ẹni tó bá dá omi yẹn padà kúrò nínú ọgbà, orí mi ló dá a sí. Mo kórìíra ọgbà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí omi ń bọ̀, mo dúró lórí tábìlì, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ọgbà náà ṣiṣẹ́."

Nínú mọ́tò, mo ní ó lè jẹ́ pé ẹ̀tàn ni. Abẹ́rẹ́ wò mí. "Ẹ ò rí ọjà ẹ̀? Gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ti ń ronú bó ṣe máa tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ rí Ó-Kù-Díẹ̀."

*

Ó-Kù-Díẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe tó gbẹ́ ọgbà náà. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé ọjọ́ yòówù tí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́, èsì rẹ̀ ni pé "ó kù díẹ̀." Láti ìgbà tí wọ́n ti mú Ẹnjiníà ló ti ń sá fún ọlọ́pàá. Abẹ́rẹ́ kò wá a jìnnà. Ó ní ẹni tó ní ọkọ̀ ìwalẹ̀ kì í sùn jìnnà sí i, a sì bá a lẹ́yìn ọkọ̀ ìwalẹ̀ náà lóòótọ́, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó fún mi lábọ̀. Láti àárọ̀, òun nìkan ló rántí pé mo lẹ́nu.

"Mo ṣe àwọn ihò yẹn," ló wí kí a tó bi í. "Mo fi orí mi búra."

"Gbé orí rẹ síbi tó wà," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ohun tí mo lè fojú rí ni kí o fi hàn mí."

Ó yọ fóònù. Àwòrán tó ń rìn ni, tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí wọ́n dán ọgbà náà wò. Táńkà kan ń da omi sójú títì. Omi náà sáré wá, ó dé etí títì, ó yà, ó sì wọ inú àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lu agogo fún. Ẹnjiníà wà níbẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò, mo fẹ́ràn kí ìdáhùn bọ́ sí bí wọ́n ṣe sọ pé ó máa bọ́ sí.

"Kí ló dé tí o ò gbé èyí lọ fún ọlọ́pàá?" ni mo bi í.

"Bàbá, Kíá-Kíá lẹ ní kí n gbé e lọ fún? Wọ́n á ti mi mọ́lé kí fóònù tó tàn."

Abẹ́rẹ́ dá fóònù padà fún un. "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ráhùn nípa àwọn ihò yẹn?"

"Ta ni kò ráhùn? Gbogbo ẹni tó bá ti kọjá ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, 'Ó-Kù-Díẹ̀, etí títì rẹ ṣì ku díẹ̀.' Wọ́n rò pé ibi tí mi ò parí ni. Mo ní omi ló máa gbabẹ̀, wọ́n ní àwáwí ni. Ẹ mọ orúkọ tí mo ní láàdúgbò."

Ìyàwó mi dákẹ́. Nígbà tó bá dákẹ́ báyẹn, mo máa ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, torí mo mọ̀ pé a máa padà síbi tí a ti kúrò.

*

Lótìítọ́, etí títì náà dán. Wọ́n kùn ún ní dúdú àti funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan kọnkéré náà bó ṣe ń rìn lọ. Mo ní kọ́kọ́rọ́ yẹn wọ́n. Ó ní kí n dákẹ́ kí n gbọ́.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ. Ohùn kọnkéré náà yí padà lójú kan, ó tún padà bọ̀ sípò, ó tún yí padà níwájú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ mi ha ọ̀dà náà kúrò níbi tí ohùn ti yí padà, sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

"Wọ́n dí wọn," ni mo wí. "Ẹnìkan dìídì dí wọn, ó sì kùn ún kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Abẹ́rẹ́, ìpànìyàn nìyí. Jẹ́ ká pe Kíá-Kíá."

"Ẹ ní sùúrù. Bí ẹ̀yin bá fẹ́ ṣe ọgbà yìí níbi, kí lẹ máa fi dí ihò náà?"

Mo rò ó. "Àkísà. Ọ̀rá. Mo lè ti òkúta bọ̀ ọ́."

"Ṣé ẹ máa po sìmẹ́ńtì?"

"Bí mo bá fẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀."

"Ẹ fọwọ́ kan ibí."

Mo fọwọ́ kàn án. Etí sìmẹ́ńtì tuntun náà kò mú. Ẹnìkan ti yí i rọ̀bọ̀tọ̀, ó ti fá a títí ó fi jọ̀lọ̀. Mo fọwọ́ kan kọnkéré Ó-Kù-Díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ gé mi.

"Ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn," ni Abẹ́rẹ́ wí, "kí ló kàn án bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ gbá etí títì? Ẹni tó ṣe èyí fẹ́ràn ibí yìí." Ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo wa là ń wá ẹni tó ba nǹkan jẹ́."

Ó gba ojú títì kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó dojú kọ ọgbà náà. Ìyá Fọ́tòkọ́pì ló ni ín. Ó ń fi aṣọ nu ẹ̀rọ rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn láti rí wa.

"Mo ti sọ fún ọlọ́pàá," ló wí. "Wọ́n bi mí bóyá mo rí ẹni tó ba ọgbà jẹ́. Mi ò rí ẹnikẹ́ni. Níwájú ibí ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí wọ́n bá bà á jẹ́, mo máa rí i."

"Mo gbà yín gbọ́," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Èmi ò bi yín nípa ẹni tó bà á jẹ́. Ta ló tún un ṣe?"

Ojú obìnrin náà là. Ó fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bèèrè nípa bàbá yẹn. Ó yẹ kí ẹnìkan dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo etí títì tí Ó-Kù-Díẹ̀ fi sílẹ̀ láìparí, òun ló parí ẹ̀. Ó ń wá láàárọ̀, ó ń po sìmẹ́ńtì, ó ń súfèé. Mo bi í bóyá ọ́fíìsì ìlú ló rán an, ó ní rárá, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo ń fún un lómi mu."

"Kí ló fi ń fá sìmẹ́ńtì náà?"

"Ìgò. Ọrùn ìgò ló fi ń yí etí ẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò ṣe é dáadáa ni?"

"Ó ṣe é dáadáa jù," ni Abẹ́rẹ́ wí.

*

Ìyàwó mi ní kí n wa mọ́tò lọ sílé Bàbá Bíríkìlà. Mo yọ̀. Mo rò pé a fẹ́ lọ fún un ní ìròyìn ayọ̀ ni: ọmọ rẹ̀ kò parọ́, ihò wà níbẹ̀, ẹnìkan ló dí wọn, ó sì ku ká mọ ẹni náà. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Òun yíjú sí fèrèsé.

Bàbá ń dúró dè wá lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí i?" ló wí.

Mo la ẹnu, Abẹ́rẹ́ sì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ní ẹ̀gbẹ́ bàbá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gba etí àtẹ̀gùn náà lọ gbọọrọ. Ìgbà náà lèmi náà wò ó. Etí àtẹ̀gùn náà yí rọ̀bọ̀tọ̀, ó jọ̀lọ̀. Gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo wá ibi tí mo lè fẹ̀yìn tì.

"Bàbá, iṣẹ́ yín dára," ni Abẹ́rẹ́ wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣeun. Ìgò ni mo fi ń ṣe é. Nígbà tí Ẹnjiníà ń kọ́ ìrìn, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn yìí, ó fi iwájú orí gbá etí ẹ̀. Ẹ rí àpá yẹn. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi etí sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní mímú mọ́. Ibi yòówù tí mo bá ti ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ parí etí títì ọgbà yẹn?"

"Èmi ni." Ojú rẹ̀ tàn. "Mi ò sọ fún un o. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà, mo gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, wọ́n ní, 'Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ ẹ̀, etí títì ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà.' Ó dùn mí. Mo mọ̀ pé Ó-Kù-Díẹ̀ ló já a kulẹ̀. Mo ní bó bá ti ìrìn àjò dé, kó kàn rí i pé gbogbo ẹ̀ ti pé."

Kò sí bí mo ṣe lè wo ojú bàbá náà. Mo gbójú sí bàtà mi. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá; mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ bó ṣe rí lára.

"Bàbá," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, "ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé."

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó tún yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin kan kọjá lójú ọ̀nà, ó kí wa, èmi nìkan ni mo dá a lóhùn.

"Gbogbo wọn?" ló wá bèèrè.

"Gbogbo èyí tí ẹ dí."

"Alágbàfọ̀ yẹn ló ń lọ aṣọ mi," ni bàbá wí. "Ó ń lọ ọ́ dáadáa." Ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Mo jókòó tì í. Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn, èmi náà sì ń sunkún.

Nígbà tó ṣe, Abẹ́rẹ́ ní, "Bàbá, mi ò ní fà yín lọ síbikíbi. Ohun tí mo rí ni mo sọ fún yín. Ọjọ́ Ajé ò tíì pé."

Bàbá dìde, ó di ògiri mú. "Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀," ló wí. "Ṣé àyè wà nínú mọ́tò yín?"

*

Wọ́n mú Ẹnjiníà jáde sí ọ́fíìsì Kíá-Kíá. Nígbà tó rí bàbá rẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá kò jẹ́ kó kí òun. Ó dúró níwájú tábìlì, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ ohunkóhun kúrò, títí kan súfèé tó ń sú.

Ẹnjiníà yíjú sí Kíá-Kíá, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá.

"Ọ̀gá, ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Mo ṣàlàyé fún ọ́fíìsì ìlú, mo ṣàlàyé fún agbaṣẹ́ṣe, mo ṣàlàyé fún àlejò tó wá láti ìlú òkèèrè. Mi ò ṣàlàyé fún bàbá mi. Mi ò sọ ohun tí àwọn ẹnu yẹn wà fún lójú rẹ̀ rí. Kí ni ẹ fẹ́ kó mọ̀? Èmi ló yẹ kí ẹ gbé lọ."

Mo rí i pé Kíá-Kíá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà mú. Abẹ́rẹ́ rí i pẹ̀lú. Mo rò pé ó máa dá sí i, ṣùgbọ́n bàbá ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gá. Irọ́ ló ń pa nítorí mi."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"O ṣàlàyé fún mi." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O ti gbàgbé ni. O wá sílé, o jókòó tì mí, o ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, o fi ìka tó lómi ya gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì fún mi. Inú rẹ ń dùn, o ń sọ̀rọ̀ sáré. O bi mí pé, 'Bàbá mi, ṣé ó yé yín?' Mo ní ó yé mi. Kò yé mi. Gbogbo ayé ń pè ọ́ ní Ẹnjiníà, èmi tí mo bí ọ, tí mo ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí ọ, ojú tì mí láti ní kí o tún un sọ."

Kíá-Kíá fi bírò sílẹ̀. Ó ní òun máa ní láti gba ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀, adájọ́ ló máa sọ ohun tó máa tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà lè máa lọ sílé, òun sì máa fi tó ọ́fíìsì ìlú létí lónìí pé kí wọ́n má da iyanrìn kankan sí ọgbà náà. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní bàbá lè jókòó ná, kò sí ìkánjú. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ẹnjiníà kò dìde. Ó ń sunkún láìpariwo. Bàbá fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sún ife omi tó wà lórí tábìlì sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo máa lọ rí ìyàwó alágbàfọ̀," ló wí. "Ó máa bi mí léèrè, mo sì gbọ́dọ̀ lè dá a lóhùn. Tún un sọ fún mi."

Ẹnjiníà nu ojú rẹ̀. Ó ti ìka bọ omi, ó fa ìlà kan sórí tábìlì ọ̀gá ọlọ́pàá. "Títì nìyí, bàbá mi. Omi ń ti òkè bọ̀. Pápá nìyí nísàlẹ̀. Bí omi bá dé etí ibí yìí—"

"Dúró," ni bàbá wí. Ó fi ìka tirẹ̀ kan ibẹ̀. "Ibí yìí ni kò yé mi. Padà síbí."